Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Jíìnì tó wà nídìí òórùn sóyà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí, àmọ́ bí mo ṣe ń kà wọ́n ni mo rí i pé mẹ́rin nínú wọn, ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ wọ́n ò mọra wọn rí. Ìyá kan láti Ìpàtà, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Òmù-Àrán, tíṣà kan láti Ọ̀fà, àgbẹ̀ kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo ti sún gbogbo ìbéèrè tó kù di oṣù tó ń bọ̀, ẹ má bínú sí mi. Kí n tó di ẹni tó ń kọ̀wé, láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ewé ẹ̀wà àti ewé sóyà ni mo máa ń lọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Wàrà sóyà ni mo ń ṣe tà ní Ìpàtà, èyí tí àwọn kan ń pè ní bẹ́skẹ́, mo sì máa ń rọ mílíìkì rẹ̀ náà sínú ike tà. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní pírójẹ́ẹ̀tì òun ni pé kí òun yọ jíìnì ẹ́ńsáìmù kan jáde lára sóyà, pé ẹ́ńsáìmù yẹn ló ń fa òórùn ẹ̀wà tútù tí àwọn kọsítọ́mà ń sọ pé ó wà nínú mílíìkì mi. Mo ní irọ́ ni, sóyà tó ti pẹ́ nílẹ̀ ló máa ń rùn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Ó tún bu kóńgò sóyà mi méjì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni jíìnì, kí ni ẹ́ńsáìmù, ta ló jàre nínú wa, ṣé wọ́n sì lè yọ òórùn yẹn kúrò? (Ìyá oníwàrà, Ìpàtà, Ìlọrin)

Èsì: Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Ọmọ yín ló jàre, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiyín náà kì í ṣe irọ́, màá dé orí ẹ̀ níbi lẹ́tà àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò ná. Ẹ mú hóró sóyà gbígbẹ kan tó dáa, ẹ gbé e sí imú, ẹ ò ní gbọ́ òórùn kankan. Ẹ wá jù ú sẹ́nu, ẹ fi eyín là á, ẹ jẹ́ kí itọ́ kàn án, ẹ máa rún un díẹ̀díẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí òórùn bíi ti koríko tútù á fi gba ẹnu yín kan. Níbo ló wà tẹ́lẹ̀? Kò sí níbì kankan. Òróró wà nínú hóró yẹn, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní lipoxygenase náà wà níbẹ̀, àmọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé, kò sì sí omi tó máa mú wọn pàdé. Ìgbà tí eyín tàbí ẹ̀rọ bá fọ́ ògiri tó wà láàárín wọn, tí omi dé, tí atẹ́gùn dé, ẹ́ńsáìmù á kọ lu òróró, á ki ọ́síjìn bọ̀ ọ́ lára, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í já sí wẹ́wẹ́, inú wẹ́wẹ́ yẹn ni nǹkan kan tó ń jẹ́ hexanal ti ń jáde, òun gan-an ni imú àwọn kọsítọ́mà yín ń gbọ́. Gbogbo eléyìí ò gbà ju ká ṣẹ́jú péré lọ.

Ẹ́ńsáìmù kì í ṣe àjèjì sí yín. Ẹ rántí ògì tí ọmọ jẹ kù, tí ẹ gbé e síbì kan, tí ẹ padà débẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé ó ti ṣomi? Itọ́ tó wà lára ṣíbí ọmọ ló ṣe é. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú itọ́ tó ń gé sítáàṣì inú ògì sí kékeré kékeré. Itọ́ díẹ̀ báyìí ló bọ́ sí i, àmọ́ gbogbo abọ́ ló ṣomi, torí ẹ́ńsáìmù kì í tán sídìí iṣẹ́, tó bá parí èyí á tún bọ́ sídìí òmíì. Pròtíìnì ni, iná tó gbóná dáadáa ló sì ń pa á, ẹ fi ọ̀rọ̀ iná yìí sọ́kàn.

Jíìnì wá ńkọ́? Ọmọ Ìlọrin ni yín, èyí á tètè yé yín. Ẹ wo ilé kéú. Ìwé ńlá wà lọ́wọ́ àlùfáà, kì í jáde nínú yàrá. Ọmọ kéú tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, apá tó kàn án nìkan ni wọ́n á fi tàdáwà kọ sí wàláà fún un, á gbé e lọ síta, á máa kà á títí á fi mọ̀ ọ́n, wọ́n á fọ wàláà, wọ́n á kọ òmíì sí i. Bó ṣe rí nínú sóyà náà nìyẹn. DNA ni ìwé ńlá tó wà ní yàrá. Apá kan nínú rẹ̀ tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan kan pàtó, òun là ń pè ní jíìnì. RNA ni wàláà, wọ́n ń dà á kọ, wọ́n ń gbé e jáde, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ nù. Iṣẹ́ tó wá tinú kíkà yẹn jáde ni ẹ́ńsáìmù. Lọ́dún 2010 ni wọ́n gbé ìwé ńlá ti sóyà jáde kí gbogbo ayé lè wò ó, oríṣi abala 20 ló ní, jíìnì tí wọ́n kà nínú rẹ̀ sì lé ní 46,000. Nínú gbogbo èyí, mẹ́ta ni ti lipoxygenase tó kún inú hóró, wọ́n ń pè wọ́n ní Lox1, Lox2 àti Lox3, Lox2 ló sì ń dá kún òórùn yẹn jù.

Ṣé wọ́n lè yọ ọ́? Wọ́n ti yọ ọ́, Ìyá wa. Láti bí ọdún 1981 síwájú ni wọ́n ti ń rí sóyà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó jọ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ti kú sí lára fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí àwọn máa fi wọ́n gba ara wọn títí wọ́n á fi rí èyí tí kò ní ìkankan, àmọ́ Lox1 àti Lox2 sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí nínú ìwé ńlá yẹn débi pé kò ṣeé ṣe láti kó òkú Lox1 àti òkú Lox2 pọ̀ sínú sóyà kan. Ní Japan ni wọ́n ti wá lo ìtànṣán gámà sí hóró, lọ́dún 1991 wọ́n kéde pé àwọn ti rí sóyà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú nínú ẹ̀, nínú iṣẹ́ yẹn ni irúgbìn tí wọ́n ń pè ní Ichihime ti jáde. Ìgbà tí àwọn èèyàn wá ka jíìnì wọ̀nyí lẹ́tà sí lẹ́tà (lẹ́tà mẹ́rin péré, A, T, G àti C, ni wọ́n fi kọ DNA), wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Nínú Lox1, lẹ́tà 74 ló já bọ́. Nínú Lox3, lẹ́tà kan ló sọnù. Nínú Lox2, kò tiẹ̀ sí ohun tó sọnù, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà, T di A, ó tán. Ibi tí lẹ́tà yẹn wà ni ẹ́ńsáìmù fi ń di irin inú rẹ̀ mú, láìsí irin yẹn kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó bí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, àmì kékeré lórí lẹ́tà kan, ẹni tí ẹ fẹ́, ohun tí ẹ fi ń roko àti ohun tí ẹ ń wọ̀ lọ sọ́jà ti yàtọ̀ síra. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Ẹ ó ní, ó dáa, sóyà Japan ò sí ní Ìpàtà, kí ni kí n ṣe? Iná ni. Tí sóyà bá ti rẹ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó lọ sí ẹ̀rọ, omi gbígbóná ni kí ẹ sì fi lọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ̀ ọ́ tútù tẹ́ ẹ wá ń se mílíìkì lẹ́yìn náà, ẹ ti pẹ́ jù, òórùn ti jáde kí iná tó dé bá ẹ́ńsáìmù. Ẹ má sì torí ẹ̀ sọ pé ẹ ò ní se mílíìkì mọ́ o, ẹ gbọ́dọ̀ sè é dáadáa, torí nǹkan míì wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú.

Àmọ́ tí ẹ bá sè é pẹ́ jù kí ẹ tó lọ̀ ọ́, pròtíìnì rẹ̀ á dì sínú èérí, ẹ̀yìn asẹ́ lẹ ó dà á nù sí, wàrà tẹ́ ẹ máa rí nínú kóńgò kan á dín kù. Ṣé ẹ rí ibi tí iṣẹ́ ọmọ yín ti wúlò báyìí? Omi gbígbóná ń gba gáàsì lọ́wọ́ yín, ó sì ń gba wàrà lọ́wọ́ yín. Sóyà tí jíìnì yẹn ti kú nínú rẹ̀, tútù lẹ máa lọ̀ ọ́, kò ní rùn, wàrà yín á pé. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Kóńgò méjì tó bù, ẹ fi jì í.

Ìbéèrè: Àǹtí wa, akẹ́kọ̀ọ́ màsítàs ni mí, Òmù-Àrán ni mò ń gbé. Lipoxygenase sóyà ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, Lox2 gan-an. Ìgbà mẹ́ta ni mo yọ DNA tó ń jáde ní àwọ̀ bíi ti tíì, PCR, ọ̀nà tí à ń gbà da apá DNA kan kọ títí á fi pọ̀, ò sì gbé nǹkan kan jáde. Ìgbà kẹrin báńdì jáde, ìyẹn ìlà tó ń fi hàn pé PCR ti rí nǹkan dà kọ, inú mi dùn gan, a fi ránṣẹ́ kí wọ́n bá wa kà á, ó padà dé ó ní Lox3 ni. Owó ọwọ́ mi ti tán. Ṣé kí n kúkú yí tópíìkì padà ni?

Èsì: Àbúrò mi, má yí nǹkan kan padà. Ibi tó o dé yẹn ni iṣẹ́ gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ tíì yẹn kọ́kọ́. Ó jọ pé ewé tó ti gbó lò ń já. Ewé tó gbó kún fún oje tó máa ń dúdú tí atẹ́gùn bá kàn án, bíi iṣu tí wọ́n bẹ tí wọn ò tètè rẹ sómi, oje yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ DNA tí ẹ́ńsáìmù PCR ò fi lè ṣiṣẹ́. Gbin hóró mẹ́wàá sínú ike, tó bá ti pé bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, já ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, èyí tí ò tíì ju èékánná àtàǹpàkò lọ, láàárọ̀ kùtù, kó o sì gbé e lé yìnyín lójú ẹsẹ̀. Fi PVP àti mercaptoethanol, kẹ́míkà méjì tó ń dá oje yẹn dúró, sínú CTAB rẹ, omi tó ń tú DNA jáde nínú ewé, abẹ́ fume hood, àpótí tó ń fa èéfín jáde, ni kó o ti ṣí mercaptoethanol o, òórùn rẹ̀ burú, ó sì léwu, wá gbé e sínú omi 65 dìgírì fún bí ìdajì wákàtí. Tó o bá da chloroform sí i tó o sì yí i nínú ẹ̀rọ, á pín, ìdọ̀tí á jókòó láàárín bí awọ fúnfún, omi tó mọ́ á wà lókè. Òkè yẹn nìkan ni kó o fà. Má ṣojúkòkòrò, kó o má fọwọ́ kan àárín, ó sàn kó o fi díẹ̀ sílẹ̀. Tó o bá wá da isopropanol tútù sí i tó o rọra ń dà á síwá sẹ́yìn, wàá rí i tí nǹkan fúnfún á máa fà nínú omi bí òwú, bí ìgbà tí ewédú ń fà lára ìjábẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe gbogbo ẹni tó wà ní láàbù kí wọ́n wá wò ó. Tó bá jẹ́ fúnfún, tí ẹ̀rọ tó ń wọn bí DNA ṣe mọ́ tó sì sọ pé 260 sí 280 rẹ̀ wà ní bíi 1.8, ọkàn rẹ balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Lox3 tó o rí yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ rẹ. Ìwé ńlá sóyà ti di méjì lẹ́ẹ̀mejì, èkíní ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 59 ọdún sẹ́yìn, èkejì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 13, ìdí nìyẹn tí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn jíìnì rẹ̀ ò fi dá wà, wọ́n ní ìbejì tàbí ìbẹta. Àwọn Lox yìí jọra bí ọmọ ìyá. Primer ni ìgékúrú DNA tó ń sọ fún PCR ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, èyí tó o bá gbé síbi tí wọ́n ti jọra, bí ìgbà téèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà Ọjà Ọba tó pariwo pé "Alhaja!" ni. Ta ni ò ní dáhùn? Orúkọ ẹ̀, agboolé ẹ̀, ohun tó ń tà, gbogbo ẹ̀ lo gbọ́dọ̀ pè. Torí náà, wá lẹ́tà jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lórí NCBI, ìkànnì tí wọ́n ń kó lẹ́tà jíìnì jọ sí, ọ̀fẹ́ ni, détà nìkan lo máa ná, tẹ́ wọn síra wọn ní ìlà ìlà, wá ibi tí Lox2 nìkan ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni kó o ti gé primer rẹ, bíi lẹ́tà 20. Jẹ́ kí ibi ìyàtọ̀ yẹn bọ́ sí ìdí primer, lápá 3', torí ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, tí ìdí ò bá jókòó dáadáa kò ní kọ nǹkan kan. Má sì gbàgbé pé ìlọ́po méjì ni PCR ń ṣe ní yípo kọ̀ọ̀kan, tó bá yí i nígbà 30, ẹyọ kan á ti lé ní bílíọ̀nù kan, tó bá wá jẹ́ ẹni tí kì í ṣe tìẹ lo kọ́kọ́ dì mú, bílíọ̀nù ẹni tí kì í ṣe tìẹ lo máa bá nínú ike. Báńdì Lox3 yẹn ò ṣòfò, fi pa mọ́, òun ló máa jẹ́rìí fún ẹ pé ọwọ́ rẹ ti mọ iṣẹ́.

Tó bá di pé o fẹ́ RNA, ewé kọ́, hóró gbígbẹ inú ọjà náà kọ́. Pọ́ọ̀dù tútù ni, nígbà tí hóró inú ẹ̀ ti ń kún àmọ́ tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ń kọ wàláà lipoxygenase lọ́tùn-ún lósì nínú hóró. Hóró gbígbẹ, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ti ṣe tán ló kún inú ẹ̀, ìyẹn dáa tó o bá fẹ́ wọn iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù. DNA láti ewé, RNA láti pọ́ọ̀dù tútù, ẹ́ńsáìmù láti hóró gbígbẹ, má pa wọ́n pọ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹ torí mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Ọdún kan, mo ti fi oṣù méjì yọ RNA, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú fírísà, -80 dìgírì, mo kọ orúkọ sára gbogbo ike. A lọ ṣe Iléyá. Iná lọ, ẹni tó yẹ kó tan jẹnẹrétọ̀ ò wá, kò sì sẹ́ni tó pè wá. Ìgbà tí a dé lọ́jọ́ kẹrin, omi ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn fírísà, mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀ mo sunkún. Wàláà ni RNA, mo ti sọ ọ́, ó rọrùn láti fọ̀ nù, ooru tó díẹ̀ tàbí ọwọ́ èèyàn tí kò wọ ìbọ̀wọ́, ó ti parí. Láti ọjọ́ yẹn, ọjọ́ tí mo bá yọ RNA náà ni mo ń sọ ọ́ di cDNA, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń dà wàláà kọ padà sórí ìwé, cDNA le ju RNA lọ fíìfíì. Ṣe bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá RNA nínú fírísà tí o ò ní kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

Tó o bá sì ti rí jíìnì náà, tó o kà á, tó pé, má tíì máa jó. Lẹ́tà lo rí, o ò tíì rí iṣẹ́. Gbé e sínú E. coli kí bakitéríà yẹn bá ẹ ṣe ẹ́ńsáìmù náà, kó o wá fún un ní linoleic acid, irú òróró tó ń kọ lù nínú sóyà, kó o fi ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ wò ó ní 234 nm bóyá ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì ń gòkè. Yẹ pH rẹ, ìyẹn bí omi rẹ ṣe kan tó, wò dáadáa, Lox1 fẹ́ràn nǹkan bíi 9, Lox2 àti Lox3 ò fẹ́ kó ga tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sún mọ́ 6 sí 7, mo ti rí ẹni tó sọ pé ẹ́ńsáìmù òun kú, bẹ́ẹ̀ omi tó gbé e sí ni ò bá a lára mu. Tí ẹ̀rọ ò bá sí, ọ̀nà tí àwọn ará Japan ń lò láti yẹ hóró wò ṣì wà. Wọ́n ń lọ hóró kan, wọ́n ń fi sínú omi tó ní linoleic acid àti methylene blue, aró búlúù kan. Tí Lox1 tàbí Lox2 bá wà níbẹ̀, àwọ̀ búlúù á ṣí lójú rẹ báyìí. Fún Lox3, kárótíìnì ni wọ́n ń lò dípò aró yẹn, tó bá wà, àwọ̀ ìyeyè kárótíìnì ló máa ṣí. Ìdí kan náà ni àwọn oníbúrẹ́dì kan ṣe ń bu ìyẹ̀fun sóyà tútù díẹ̀ sínú fúláwà kí búrẹ́dì wọn lè funfun.

Ìbéèrè: Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní Ọ̀fà. Ọdọọdún ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa Mendel, onímọ̀ tó kọ́kọ́ fi ẹ̀wà ṣàlàyé bí ìrísí òbí ṣe ń dé ara ọmọ, pé hóró róbótó ló borí hóró tó hunjọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan dìde, ó ní, "Sà, kí ló ṣe èyí tó hunjọ gan-an tó fi hunjọ?" Mi ò rí èsì fún un.

Èsì: Sà, ọmọ yẹn béèrè ohun tí gbogbo ayé ò rí èsì sí fún ọdún tó lé ní 120. Ọdún 1866 ni Mendel tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ kan ní England tó yọ jíìnì náà jáde. Ẹ̀wà ni, bíi sóyà, gíríìn píìsì tí wọ́n ń dà sí fúráìdì ráìsì ni. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí sítáàṣì yọ ẹ̀ka. Nínú èyí tó hunjọ, nǹkan bíi 800 lẹ́tà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló já wọ àárín jíìnì ẹ́ńsáìmù náà, bí ìgbà tí ewé ìwé míì bọ́ sáàárín ìwé téèyàn ń kà, ẹ́ńsáìmù ò wá lè jáde bó ṣe yẹ. Ṣúgà tó yẹ kó di sítáàṣì wá kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣúgà sì ń fa omi, hóró á mu omi á wú kọjá ààlà nígbà tó ṣì tutù, ìgbà tó bá gbẹ, omi jáde, awọ ti tóbi ju inú lọ, ó hunjọ. Ẹ ní kí ọmọ náà rẹ èso àjàrà gbígbẹ sómi mọ́jú, á rí bí omi ṣe ń tú híhunjọ, á sì mọ̀ pé omi tó jáde ló ń fà á. Kí ẹ sì sọ fún un pé James Sumner ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní, wọ́n gé ọwọ́ òsì rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, ẹ̀wà jack bean ló fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án títí ó fi rí ẹ́ńsáìmù urease tó dì bíi hóró iyọ̀ lọ́dún 1926, òun ló fi hàn pé pròtíìnì ni ẹ́ńsáìmù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á gbọ́, lọ́dún 1946 ni wọ́n wá fún un ní Nobel.

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ ni mí ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Àwọn obìnrin tó ń wá ra sóyà lọ́wọ́ mi láti Ìlọrin ní sóyà mi ń rùn, wọ́n ń já owó mi wálẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ wá irúgbìn tí wọ́n ti yí jíìnì rẹ̀ padà, ẹlòmíì ní irú ẹ̀ kì í hù lẹ́ẹ̀kejì. Èwo ni kí n gbà?

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oko o. Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sóyà tí kò ní lipoxygenase tó wá láti Japan, wọn ò mú jíìnì láti ibòmíì wá sínú ẹ̀, èyí tó ti kú fúnra ẹ̀ àti èyí tí ìtànṣán pa ni. Èyí tí wọ́n gbé jíìnì láti ara bakitéríà sínú ẹ̀ ni ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2019, torí kòkòrò tó ń lu pọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣe ṣe é. Ìkankan nínú méjèèjì, tí ẹ bá fi hóró rẹ̀ pa mọ́, á hù, torí ẹ̀wà àti sóyà, òdòdó kọ̀ọ̀kan ló ń gba ara ẹ̀, kò dúró de ti ẹlòmíì, ẹni tó sọ fún yín pé kì í hù lẹ́ẹ̀kejì ò sọ òótọ́.

Àmọ́ irúgbìn yín kọ́ ló fa ohun tí àwọn obìnrin yẹn ń sọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. TGx, irúgbìn sóyà tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbìn lágbègbè yìí, irúgbìn tó dáa ni, ó ń bá bakitéríà inú ilẹ̀ wa ṣọ̀rẹ́ láìra oògùn kankan, ẹ má jù ú nù. Ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe ń pa á? Tó bá jẹ́ igi lẹ fi ń lù ú lórí ilẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò yín, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ fúnfún, ẹ kà á, mélòó ló là sí méjì, mélòó ló fọ́? Hóró tó fọ́, ògiri rẹ̀ ti wó, ẹ́ńsáìmù àti òróró ti ríra, ìwọ̀nba ọ̀rinrin ló kù. Tí àpò náà bá wá wà lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì lásìkò òjò, á máa mu ọ̀rinrin láti ìsàlẹ̀, òróró inú àwọn tó fọ́ á máa bàjẹ́ lóṣù lóṣù, gbogbo àpò á sì gbà á. Òun ni ìyá oníwàrà Ìpàtà ń pè ní sóyà tó ti pẹ́ nílẹ̀, imú rẹ̀ ò purọ́ fún un.

Ẹ sá a kó gbẹ dénú, tí ẹ bá fi eyín gé e kó dún kó, kó má rọ̀. Ẹ rọra lù ú, kí ẹ sì fi asẹ́ ya àwọn tó fọ́ sọ́tọ̀, ẹ tètè ta àwọn yẹn fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Èyí tó pé, ẹ gbé àpò rẹ̀ sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri. Tí àwọn obìnrin yẹn bá tún dé, ẹ la hóró kan níwájú wọn, ẹ gbé e sí imú wọn lójú ẹsẹ̀ kí omi tó kàn án.